Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

Yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn la ti ṣèpàdé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àga rọ́bà mẹ́fà, tábìlì kan tí wọ́n ki bíríkì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké níta débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àfi kó pariwo, òórùn àbóníkí sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti ibi táwọn ọmọ ti ń fi ra ara. Èmi ni akọ̀wé. Ẹ má rò pé ipò ńlá ni o, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àdúgbò lásán ni, àmọ́ wọ́n dìbò yàn wá, a ní alága, a ní akápò, a ní ìwé òfin kan tí wọ́n ti ṣe fótòkọ́pì ẹ̀ lórí fótòkọ́pì títí lẹ́tà inú ẹ̀ fi ń parẹ́ lọ.

Ọkùnrin tọ́rọ̀ kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì di fìlà ẹ̀ mú. Mo ti ń wò ó lórí ríǹgì látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, èmi ni mo máa ń sáré lọ pọnmi fún un nígbà yẹn. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni o, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi torí pé bírò wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó fẹ́ ò pọ̀. Ìdíje kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, owó wà ńbẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin fẹ́ san owó WAEC, ọjọ́ tí ilé ìwé dá fún wọn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé wọ́n ti lù ú dákú nílùú mìíràn lóṣù tó kọjá, dákú pátápátá, wọ́n ní ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ibi tó wà. Òfin wa ní ẹni tí wọ́n bá lù dákú gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ 60 kó tó tún gun ríǹgì. Mo kà á lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ 37 ni Sátidé máa jẹ́.

Alága ní ẹ jẹ́ ká lo ojú àánú. Akápò ní èèyàn kì í fi ìwé òfin bọ́ ọmọ. Kóòṣì méjì tó wà láàárín wa ní ara ẹ̀ ti yá, àwọn ti gbé páàdì fún un lálẹ́ àná, ọwọ́ ẹ̀ tún yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní rárá, ìyá kan tó ṣe nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ń pè é ní Màmá. Màmá ò pariwo, àfi ká na etí ká tó gbọ́ ọ. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, owó WAEC ló ní òun ń wá. Ẹ jẹ́ ká bá a wá owó WAEC. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bá a wá ìjà." Ló bá tú etí ìró ẹ̀, ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó kó o lé orí tábìlì.

Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ lé e.

Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn kó jà nawọ́ sókè. Ọwọ́ márùn-ún ló nà. Tèmi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, omi ń lé ròrò lójú ẹ̀, ó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní bàbá. Kí n má parọ́, ara mi yá gágá nígbà tí mò ń lọ sílé, mo rò pé mo ti ṣe nǹkan tí Ọlọ́run á rí.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká látìgbà yẹn. Eré tó léwu pọ̀ láyé, ẹni tó ń fi mọ́tò sáré ìje lè kú, ẹni tó ń gun òkè oníyìnyín lè kú, àmọ́ tìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ìjàǹbá la máa pè é, ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ti ẹ̀ṣẹ́ yàtọ̀. Kó o ṣe ọmọnìkejì ẹ léṣe níṣẹ́ gan-an, máàkì wà fún un, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ọpọlọ nínú agbárí dà bíi mọ́ín-mọ́ín nínú agolo tí omi díẹ̀ yí ká. Bí agolo bá yí bírí lójijì, mọ́ín-mọ́ín ò ní tètè bá a yí, á gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà láàárín òun àti agbárí lè já. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa kán síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ríbi gbà jáde, á máa ti ọpọlọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni náà lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn kúrò lórí ríǹgì, ó lè béèrè omi, ó lè ní orí kàn ń fọ́ òun díẹ̀ ni, wákàtí kan lẹ́yìn náà ó ti di ẹni tí wọ́n ń gbé. Ọpọlọ tí wọ́n ti mì báyìí lẹ́ẹ̀kan, tí kò tíì bọ̀ sípò, ẹ̀ṣẹ́ tí kò tó nǹkan ló kù fún un. Ìdí tẹ́nì kan fi jókòó kọ ọjọ́ 60 sínú ìwé nìyẹn. Kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Lójú tèmi o, àwọn bàbá wa gbọ́n jù báyìí lọ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo wa la mọ oríkì yẹn. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kanlẹ̀, ó parí, ẹ gbé e dìde, kó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù, ó dìgbà mìíràn. Àánú ti wà nínú òfin eré yẹn látilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún kọmítì kankan. Ti ẹ̀ṣẹ́ àwọn òyìnbó, bí ẹ̀yìn ẹ bá kanlẹ̀ wọ́n á ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, bó o bá sì rójú dìde, wọ́n á ní ó yá, ẹ máa lù ú lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí àánú àti òfin ti gba ipò ara wọn, kó wo ọ̀rọ̀ Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ará Amẹ́ríkà yẹn. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1967 ló kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun ní Houston. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀ṣẹ́ ní New York gba láísẹ́ǹsì ẹ̀, wọn ò dúró de ilé ẹjọ́ kankan, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù sì tò tẹ̀ lé wọn. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí kò fi jà, ọdún mẹ́ta tí ara ẹ̀ le jù láyé. Ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé òfin ni, òfin ni. Ìgbà tí àwọn lọ́yà ẹ̀ wá tú fáìlì wọn, wọ́n bá a níbẹ̀ pé New York yìí kan náà ti fún àwọn tó jẹ̀bi ìpànìyàn àti olè jíjà ní láísẹ́ǹsì láti kan ẹ̀ṣẹ́, kódà ẹni tó sá kúrò nínú iṣẹ́ ológun wà nínú wọn. Ọdún 1970 ni adájọ́ ní kí wọ́n dá tiẹ̀ padà fún un. Òfin tó ń sùn tí ẹlòmíràn bá kọjá, tó wá jí nígbà tí Ali dé, irú òfin wo nìyẹn?

Kí ìdájọ́ yẹn tó jáde, ẹnì kan ti ń wá ọ̀nà mìíràn ní Georgia. Leroy Johnson, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di sẹ́nétọ̀ níbẹ̀ láti ayé ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bàbá yìí ṣàkíyèsí pé Georgia ò ní ìgbìmọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kankan ní gbogbo ìpínlẹ̀, ẹni tó máa sọ pé rárá ò sí nílé, ìlú Atlanta nìkan ló kù tí wọ́n máa bi. Ó lọ bá méyọ̀, Sam Massell, méyọ̀ gbà. Gómìnà Lester Maddox bínú, ó ní kí àwọn èèyàn fi ọjọ́ náà ṣọ̀fọ̀. Wọ́n jà náà, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1970, ojú Jerry Quarry là, wọ́n dá ìjà dúró lẹ́yìn ráùńdì kẹta. Olóṣèlú tó fi ipò ẹ̀ ṣàánú nìyẹn, kò sì fi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, torí ara Ali dá ṣáṣá nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n fi dí i lọ́nà ò kan ìlera rárá.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, mo ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ ní jíìmù bí ìgbà ogún. Apá kejì ẹ̀ ni mi ò kì í sọ.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, Ali ti fẹ̀yìn tì, ó ti pé ọdún 38, ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá Larry Holmes, tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn, jà ní òtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace ní Las Vegas. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ṣẹ́ Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, gómìnà tí ará ìlú dìbò fún ló ń yan àwọn yẹn, fẹ́ rí ìwé dókítà. Ó lọ sí Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá fẹsẹ̀ kan tọ, kì í tọ bó ṣe yẹ, pé tí wọ́n bá ní kó fi ìka kan imú, ìka ń tàsé díẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n sọ o. Wọn ò rí nǹkan tí wọ́n máa torí ẹ̀ ní kó má jà. Láísẹ́ǹsì jáde. Àwọn kan ní owó ló fà á, àwọn kan ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Èmi tí mo ti jókòó sí àga bẹ́ẹ̀ rí, bó ti wù kí àga tèmi kéré tó, mo mọ nǹkan mìíràn tó máa ń wà nínú yàrá yẹn: ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa wo ojú Muhammad Ali tó máa ní rárá, lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti fojú ẹ̀ rí ní 1967? Ojú á máa tini.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 1980, ráùńdì mẹ́wàá, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí àwọn jọ́ọ́jì fún un. Ó kàn ń dúró ni, ó ń gbà á sára. Holmes, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń gbé fún un fi gbáradì láyé àtijọ́, ń wo réfírì bóyá yóò dá a dúró. Angelo Dundee, kóòṣì Ali, ló padà ní ó tó. Holmes sunkún lẹ́yìn ìjà yẹn. Ẹ gbọ́, ẹni tó borí ló ń sunkún. Wọ́n sì tún jẹ́ kó jà lẹ́yìn ìyẹn o, ní Bahamas, oṣù kejìlá 1981, níbi tí wọ́n ti fi agogo ọrùn màálù ṣe bẹ́ẹ̀lì torí wọn ò rí gidi. Ní 1984 wọ́n ní àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú kí ara gbọ̀n, ló ń ṣe é.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibẹ̀ ló ti máa ń wọ́. Ẹni tó bá wà níwájú wa là ń rí, ojú ẹ̀, fìlà ọwọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀. Ẹni tó máa jẹ́ lọ́dún márùn-ún sí i ò sí nínú yàrá, kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìtàn kan tún wà tó máa ń dùn mí ju ti Ali lọ. Caesars Palace kan náà yẹn, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1982, Duk Koo Kim, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kòríà, bá Ray Mancini ará Amẹ́ríkà jà. Ráùńdì 14 ni wọ́n gbé e ṣubú, ó di okùn mú, ó dìde, réfírì dá a dúró, ó sì dákú, kò jí mọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ìyá ẹ̀ gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Richard Green tó ṣe réfírì náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1983. Ìjà kan ṣoṣo. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé ìjà yẹn: WBC, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní bẹ́líìtì ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, tí wọ́n dìbò yan José Sulaimán ará Mẹ́síkò ṣe ààrẹ ẹ̀, kéde pé ráùńdì 15 ti tán, 12 ló kù. Bẹ́líìtì tí wọ́n torí ẹ̀ jà yẹn kì í ṣe tiwọn o, ti WBA, ẹgbẹ́ mìíràn, ni. WBA fúnra wọn, ó di 1987 kí wọ́n tó ṣe é, IBF, ẹgbẹ́ kẹta, ní tiwọn di 1988.

Mo ṣì mọ àgbà kóòṣì tó ń bú Sulaimán dòní, wọ́n ní ó sọ ẹ̀ṣẹ́ di eré ọmọdé, pé ráùńdì mẹ́ta tó yọ yẹn la ti ń mọ ọkùnrin. Bóyá wọ́n tiẹ̀ rí nǹkan sọ. Sulaimán fúnra ẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì, ọ̀pọ̀ ọdún tó fi jókòó sípò yẹn, ẹjọ́ ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àmọ́ mo máa ń ronú sí i pé ó gba èébú yẹn lórí àwọn ọmọ tí kò ní mọ̀ láé, tí kò sì sẹ́ni nínú wọn tó máa wá kí i pé ẹ ṣé, bàbá, ẹ ò jẹ́ kí n kú ní ráùńdì 14. Ẹni tí òfin bá gbà là kì í mọ̀ pé ó gba òun là. Ẹni tí òfin bá dí lọ́nà ló ń mọ̀, òun ló sì máa ń dìbò.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo ti di ọ̀gbẹ́ni olófin, ẹ jẹ́ ká lọ sí London. Ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 1991, pápá ìṣeré White Hart Lane, Michael Watson àti Chris Eubank, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì. Ráùńdì 11, Watson ti gbé Eubank ṣubú, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiẹ̀, Eubank dìde ó fi ẹ̀ṣẹ́ kan láti ìsàlẹ̀ bá a lágbọ̀n, orí Watson gbá okùn. Ráùńdì 12 réfírì dá a dúró. Ó wá ṣubú nínú ríǹgì. Dókítà wà níbẹ̀ o, bí òfin ẹgbẹ́ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wí, wọn ò yẹ òfin kankan. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbé èémí ẹ̀ ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríǹgì, ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ò sì ní oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wọ́n tún gbé e lọ síbòmíràn, àkókò ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ogójì ọjọ́ ló fi wà láìmọ ara ẹ̀. Ó jí, ó di ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ó pẹjọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ yẹn sọ ní kóòtù, kí n sọ ọ́ lédè tiwa: àwa kọ́ la lù ú, òfin wa la sì tẹ̀ lé. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ ní 1999, wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún pàdánù ní 2000. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀yin lẹ kọ òfin, ẹ̀yin lẹ ní kó má jà láìtẹ̀ lé e, ó gbọ́kàn lé yín pé ẹ ti rò ó já, ẹ ò sì rò ó já. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà níbẹ̀, ohun tó ní láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríǹgì pọ̀ sí i. Lọ́dún 2003 Watson fi ẹsẹ̀ rin London Marathon, ọjọ́ mẹ́fà gbáko, Eubank sì bá a rìn níparí ẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa rí. Ẹni tó lù ú ló wá bá a rìn.

Nítorí náà kì í ṣe pé òfin dáa àánú ò dáa, tàbí ìdàkejì ẹ̀, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ irú ẹ̀. Mo kàn wá ń wo ẹni tí nǹkan ná. New York ò ná kọ́bọ̀ lórí òfin wọn. Àwa márùn-ún tá a nawọ́ sókè náà ò ná kọ́bọ̀ lórí àánú tiwa. Ẹni tó ná nǹkan nínú yàrá yẹn ni Màmá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti orúkọ ẹ̀, torí kó tó di ọjọ́ kejì gbogbo jíìmù ti ń sọ pé ìyá yẹn burú, ọkàn ẹ̀ le, ó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílé.

Fídíò kan wọ orí fóònù mi lóru ọjọ́ kan. Bukom Boxing Arena, Accra, ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2025. Ṣẹ́gun Ọláńrewájú, tí wọ́n ń pè ní Success, ọmọ Nàìjíríà, ẹni 40 ọdún, tó ti gba bẹ́líìtì Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rí. Jon Mbanugu ló ń bá jà. Ráùńdì kẹta ni, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sídìí okùn, ara ẹ̀ kàn dẹ̀ lójijì, ó ṣubú lu okùn, réfírì ń kà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn Korle Bu, ó kú. Ìjọba Ghana gbé kọmítì ìwádìí dìde. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò sì ní ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Ohun tó kàn ń ṣe mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé mo ń ka ọjọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mò ń fi ìka ka 37, bí ìgbà tí mo wà níwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ bí ìbò ṣe ń lọ nínú irú ẹgbẹ́ wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kóòṣì ló ń dìbò, àwọn tó ń gbé ìdíje kalẹ̀ ní èèyàn tiwọn láàárín wọn, àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ti dàgbà náà ń dìbò. Kò sí nínú gbogbo wọn tó ń jẹun lọ́jọ́ tí kò sí ìjà. Tó o bá ní rárá lẹ́ẹ̀kan, ẹni mẹ́rin ló bínú sí ẹ: ẹni tó fẹ́ jà, kóòṣì ẹ̀, ẹni tó ti tẹ fọ́tò ẹ̀ sára pósítà, àti ẹni tí wọ́n mú pé kó bá jà. Tó o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa bínú títí ọjọ́ tí nǹkan á ṣẹlẹ̀, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìgbà tí ìdìbò tún dé, Màmá rí ìbò méjì. Èmi wọlé padà láìsí ẹni tó bá mi du ipò.

Sátidé yẹn ńkọ́? Ó borí.

Ẹ̀gbọ́n mi borí, lórí máàkì, ráùńdì mẹ́fà pé. Mo wà níwájú pátápátá, mo rí i kedere. Ráùńdì méjì àkọ́kọ́ ó dùn ún wò, ọwọ́ òsì ẹ̀ ń jáde bíi ti ìgbà tí mò ń pọnmi fún un. Láti ìkẹta ló ti ń gba ẹ̀ṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà, ẹ̀ṣẹ́ tó rí tó ń bọ̀, tó kàn jẹ́ pé ara ò tètè gbọ́. Ìparí ráùńdì karùn-ún, bẹ́ẹ̀lì lù, ó yí padà, ó rọra rìn lọ jókòó sórí àpótí ọmọkùnrin tó ń bá jà. Ó jókòó gẹ́lẹ́, ó la ẹnu sílẹ̀ kí wọ́n yọ rọ́bà eyín ẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága ń fọwọ́ gbá itan. Èmi náà rẹ́rìn-ín o, mi ò ní parọ́, ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Ìgbà tí mo wo apá ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ni mo rí Màmá. Kò sẹ́ni tó ní kó wá. Ó fi gèlè di ìbàdí, tówẹ̀lì wà léjìká ẹ̀, ó ti rọra gba abẹ́ okùn wọlé, ó lọ di ọkùnrin náà lápá, ó ń mú un bọ̀ wá sí igun tiẹ̀ bíi pé ọmọ tó ṣìnà lọ́jà. Ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí i lójú, ọ̀tún, òsì, ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sọ fún réfírì pé kó dá a dúró. Réfírì wo alága. Alága fi orí bẹ́ẹ̀ ni-bẹ́ẹ̀ ni, pé kí wọ́n máa bá a lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló kù.

Wọ́n san owó WAEC lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo dá àbá kan. Mo ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ sókè pé ká yẹ òfin fún abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan, òun ni kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún un lọ́jọ́ ìjà, òun ni kó nu ẹ̀jẹ̀, òun ni kó bá a lọ sílé kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kó máa jí i ní wákàtí méjì-méjì kó wò ó bóyá ó ń dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akápò ní akọ̀wé ti di oníwàásù. Wọn ò ní kí n kọ ọ́ sínú mínítì, èmi tí bírò wà lọ́wọ́ mi náà ò kọ ọ́.

Mo kúrò nínú kọmítì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni, iṣẹ́ ò pọ̀.

Oṣù mélòó kan sẹ́yìn mo pàdé ẹ̀gbọ́n ní gáréèjì. Kò kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́, ó ń bá wọn pe èrò sọ́kọ̀. Ó sanra díẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán, ó rí mi lókèèrè ló ti ń pariwo "akọ̀wé mi, akọ̀wé mi". Ó dì mọ́ mi. Ó ní ọmọ yẹn ti wà ní pólì o, ọdún kejì nìyí, bí kì í bá ṣe tiyín lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀yin lẹ san WAEC ẹ̀. Mo ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ sà, Ọlọ́run ló ṣe é. A jọ ra ọsàn, obìnrin tó ń tà á ń bó o fún wa, a ń sọ̀rọ̀ epo àti bí owó ọkọ̀ ṣe gbówó lórí. Ó gba ọsàn tiẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, omi ọsàn ń ṣàn dé ìgúnpá ẹ̀, kò nù ún.

Ló bá wo ojú mi, inú ẹ̀ dùn lójijì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Ó ní, "Akọ̀wé mi! Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín o. Ọmọ yẹn ti wà ní pólì."

Mo ní, "Há, ẹ̀gbọ́n! Nígbà wo?"